Kóńgò Kan Náà Ni Kí A Fi Wọn Èrè àti Òfò

Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ sísè tàbí ti aṣọ rírán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí ìkòkò ọbẹ̀ ni ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà mìíràn. Ọ̀rọ̀ pípín ni. Kò sí ọjọ́ tí obìnrin kì í pín nǹkan nínú ilé. Ó ń pín ẹran, ó ń pín owó oúnjẹ, ó ń pín iṣẹ́ fún àwọn ọmọ, bí àwo bá sì fọ́, òun náà ni yóò pín ẹ̀bi. Olúkúlùkù wa ni ó gbà nínú ọkàn ara rẹ̀ pé òun mọ ohun tí ó tọ́. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ títí di ọdún 1981, nígbà tí ìjì kan jà ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó ká òrùlé ilé Bàbá mi, tí ó sì fi irú ènìyàn tí mo jẹ́ hàn mí.

Oníṣòwò pákó ni Bàbá mi. Ìyàwó méjì ni ó fẹ́. Ìyáálé bí ọmọ márùn-ún. Ìyá tèmi, tí ó jẹ́ ìyàwó kejì, bí ọmọ méjì péré, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin. Nígbà tí Bàbá kú ní ọdún 1977, kò kọ ìwé ìpíngún kankan sílẹ̀. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú ohun ìní rẹ̀ ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, tí ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí àwọn ayálégbé ń sanwó rẹ̀ lọ́dọọdún. Ìyáálé àti ìyá mi ń gbé òkè, olúkúlùkù nínú yàrá tirẹ̀. Àwọn àgbà ẹbí jókòó, wọ́n ní a kò gbọdọ̀ ta ilé náà, kí ó di ilé ẹbí, kí àwọn ọmọ sì máa pín owó tí ó bá ti inú rẹ̀ wá. Wọ́n ní ìdí-igi ni kí a fi máa pín in.

Ó ṣeé ṣe kí àwọn ọ̀dọ́ ìyàwó tí wọ́n dàgbà sí ìlú ńlá má mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọ̀nà méjì ni àwa Yorùbá fi ń pín ogún ẹni tí ó kú láìṣe ìwé. Ọ̀nà kìíní ni ìdí-igi. Ìyá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ tí ó bí fún olóògbé ni a kà sí ìdí kan. Bí ìyá ọmọ bá jẹ́ mẹ́ta, ọ̀nà mẹ́ta ọgbọọgba ni a ó pín ogún sí, ìbáà jẹ́ pé ọ̀kan bí ọmọ mẹ́jọ tí èkejì sì bí ẹyọ kan ṣoṣo. Ọ̀nà kejì ni orí-ò-jorí. Orí àwọn ọmọ ni a ó kà, kò sì sí orí tí ó ju orí lọ. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wa, ọmọbìnrin kì í ṣe àlejò nínú ọ̀ràn yìí. Ó ti pẹ́ tí a ti ń ka ọmọbìnrin mọ́ ọmọkùnrin nínú ohun ìní bàbá, àwọn ọmọ tí ọmọbìnrin bá bí sì ní ẹ̀tọ́ tiwọn nínú ẹbí ìyá wọn.

Èwo ni ó tọ́ nínú méjèèjì? Àwọn adájọ́ pàápàá kò fi ẹnu kò lórí rẹ̀ kíákíá. Ní Èkó, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Suberu Dawodu kú ní ọdún 1940, ó sì fi ọmọ mẹ́sàn-án tí ìyàwó mẹ́rin bí fún un sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ogún rẹ̀ di ẹjọ́. Ilé-ẹjọ́ tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní orí-ò-jorí ni ó bá ayé òde òní mu. Nígbà tí ẹjọ́ dé ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà ní ọdún 1958, wọ́n yí i padà, wọ́n ní ìdí-igi ni àṣà. Ẹjọ́ náà kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù, níwájú Privy Council, níbẹ̀ sì ni wọ́n ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1962 pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, ṣùgbọ́n pé bí ìjà bá wà láàárín àwọn ọmọ, olórí ẹbí ní agbára láti sọ pé kí a lo orí-ò-jorí. Ọdún méjìlélógún ni ó gbà láti ìgbà tí ọkùnrin náà ti kú. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ pípín ti lè pẹ́ tó nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ilé tiwa. Ní ọdún 1981, owó tí ń wọlé láti ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin náà jẹ́ 1,400 náírà lọ́dún. Ìdí Ìyáálé gba 700 náírà, ìdí tiwa gba 700 náírà. Àwọn ọmọ Ìyáálé márààrún pín tiwọn, ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 140 náírà. Èmi àti àbúrò mi pín tiwa, ó kàn wá ní 350 náírà ẹnì kọ̀ọ̀kan. N kò rí ohun kan tí ó wọ́ nínú rẹ̀. Ìyá méjì ni ó tọ́jú Bàbá, ìyá méjì ni a pín in fún. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ìyáálé bá fajú ro lọ́jọ́ ìpín, mo máa ń délé sọ fún ọkọ mi pé ojúkòkòrò ni ó ń dà á láàmú.

Ìgbà òjò àkọ́kọ́ ọdún náà ni ìjì ọ̀hún jà lóru. Ó ká páànù ilé Bàbá láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó sì ṣẹ́ igi àjà. Káfíńtà wá, ó wò ó, ó ṣe ìṣirò, ó ní 2,800 náírà ni yóò gbà. Bùọ̀dá wa àgbà, tí ó jẹ́ àkọ́bí Ìyáálé àti Dáwódù Bàbá wa, pe àwa méjèèje jọ. Ó ní ìdí-igi ni a fi ń pín owó ilé, nítorí náà ìdí-igi ni kí a fi tún un ṣe, kí ìdí kọ̀ọ̀kan mú 1,400 náírà wá.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, 700 náírà ni ó kàn mí níyẹn. Ìyàwó ọdún mẹ́ta ni mí nígbà náà, ọmọ kan wà lẹ́yìn mi, òmíràn wà nínú mi. Gbogbo owó òwò aṣọ tí mo ń tà kò pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo dìde, mo sì sọ̀rọ̀. Mo ní: "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ọmọ méje ni Bàbá bí. Ilé Bàbá gbogbo wa ni ilé yìí. Bí ó bá di ti àtúnṣe, orí méje ni yóò gbé e, kò sí orí tí ó ju orí lọ. 400 náírà fún olúkúlùkù ni ó tọ́ lójú Ọlọ́run." Bí a bá ṣe é bí mo ti wí, èmi àti àbúrò mi yóò san 800, àwọn ọmọ Ìyáálé yóò sì san 2,000.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù títí di òní ni pé n kò purọ́ nígbà tí mo ń sọ ọ́. Ó dá mi lójú gbangba. Bí wọ́n bá ní kí n fi ọwọ́ lé Bíbélì búra, ǹ bá búra. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ Ìyáálé kẹta, ni ó wò mí fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó dá mi lóhùn. Ó ní: "Àbúrò mi, lọ́dọọdún ni o ń gba 350 tí èmi ń gba 140. Nígbà tí a ń jẹ, orí mi kò tó orí rẹ. Ó wá di ìgbà tí a fẹ́ san, orí wa dọ́gba?" N kò rí èsì fún un. Inú bí mi, mo sì gbé ọmọ mi pọ̀n, mo jáde. Báyìí ni ìpàdé ṣe tú ká.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni òjò fi ń wọ ilé Bàbá. Òkìtì iyanrìn ara ògiri ń já bọ́ lójoojúmọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé kó ẹrù rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo lọ wo ìyá mi, mo bá òun àti Ìyáálé nínú yàrá kékeré kan nísàlẹ̀, tí ó jẹ́ ibi tí Bàbá ń kó irin-iṣẹ́ sí tẹ́lẹ̀. Ẹní kan ni àwọn méjèèjì tẹ́ sílẹ̀. Ìyáálé ń gbọ́n omi kúrò nínú agbada tí wọ́n gbé sábẹ́ ibi tí ó ń jò, ìyá mi ń fi aṣọ rẹ̀ nu ilẹ̀. Wọn kò bi ara wọn pé ìdí-igi ni tàbí orí-ò-jorí. Àwọn àgbà wa ní ohun tí ó bá bá ojú yóò bá imú. Mo rí wọn, ojú tì mí, síbẹ̀ n kò yí ọkàn mi padà. Mo ṣì gbà pé àwọn ẹ̀gbọ́n mi ni olórí kunkun.

Ẹ̀gbọ́n Bàbá mi obìnrin ni ó wá bá wa parí rẹ̀. Onígààrí ni Ìyá àgbà yìí ní ọjà Òkè-Àjé, ó sì ti dàgbà púpọ̀ nígbà náà. Ó pe gbogbo wa sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan. Kí ó tó sọ ohunkóhun, ó gbé kóńgò méjì kalẹ̀ láàárín wa. Ìdí ọ̀kan gún dáadáa. Ìdí èkejì, òòlù ni a fi lù ú wọnú. Ó ní ọwọ́ oníṣòwò kan ni àwọn ọlọ́jà ti gba méjèèjì. Èyí tí ó gún ni obìnrin náà fi ń ra gààrí lọ́wọ́ àwọn ará oko, èyí tí a lù wọnú ni ó fi ń tà á fún ará ìlú. Ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ó bá jẹ́ pé èyí tí a lù yìí ni ó fi ń rà tí ó sì fi ń tà, tí gbogbo ọjà sì mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí, ẹnikẹ́ni kò ní pè é ní olè. Pípààrọ̀ tí ó ń pààrọ̀ wọn ni olè rẹ̀."

Ó wá kọjú sí mi. Ó ní: "Ìwọ, kóńgò wo ni tìrẹ?" Mo tẹ orí ba. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀, inú àwọn ọmọ Ìyáálé sì ti ń dùn. Ṣùgbọ́n ó yí sí Bùọ̀dá àgbà pẹ̀lú. Ó ní: "Ìwọ ńkọ́? Nígbà tí a ń sin àbúrò mi, ta ni ó ní kí ìdí kọ̀ọ̀kan mú ìlàjì owó ìnáwó wá, tí àwọn ọmọ méjì yìí fi jẹ gbèsè? Nígbà tí a sì fẹ́ pín owó ilé ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ta ni ó kọ́kọ́ pariwo orí-ò-jorí kí àwọn àgbà tó kọ̀ fún un?" Ilé pa rọ́rọ́. Èmi fúnra mi ti gbàgbé ìyẹn. Gbogbo wa ni a ní kóńgò méjì nínú apẹ̀rẹ̀.

Ìdájọ́ rẹ̀ kò gùn. Ó ní ìdí-igi ni kí a fi san owó òrùlé yìí, nítorí ìdí-igi ni a fi ti jẹ èrè ilé náà láti ọdún 1977. Ó ní lẹ́yìn èyí, kí àwa méjèèje jókòó, kí a mú ọ̀kan nínú ọ̀nà méjèèjì, kí a sì lò ó fún èrè àti òfò títí ayé. Ó ní kí a yàn án lọ́jọ́ náà gan-an, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ bóyá owó ni ọdún tí ń bọ̀ yóò mú wá tàbí ìjì. Bùọ̀dá àgbà, gẹ́gẹ́ bí olórí wa, ní orí-ò-jorí ni kí ó jẹ́. A sì gbà.

Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀. Mo san 700 náírà. Láti ọdún kejì, ìpín mi nínú owó ilé wálẹ̀ láti 350 sí 200. Mo ta ẹ̀gbà ọrùn wúrà tí ọkọ mi rà fún mi nígbà tí mo bí àkọ́bí wa, owó òwò mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo sunkún dé ilé. Ìyá mi kò bá mi kẹ́dùn rárá. Ó ní òun àti Ìyáálé ti padà sí òkè, òjò kò sì wọlé mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo bí èmi àti àwọn ẹlòmíràn ti ń dá ẹjọ́ pípín, ohun méjì ni mo sì ti rí i pé ó máa ń ṣì wá lọ́nà.

Èkíní ni pé òfò wúwo ju èrè lọ lọ́kàn ènìyàn. Àwọn onímọ̀ méjì, Daniel Kahneman àti Amos Tversky, kọ ìwé lórí rẹ̀ ní ọdún 1979 pé bí òfò ti ń dun ènìyàn tó, èrè tí ó jẹ́ iye kan náà kì í dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó rí 1,000 náírà he lójú ọ̀nà yóò ti gbàgbé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tí tirẹ̀ sọnù yóò máa rò ó di ọ̀la. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń pín èrè, a lè jẹ́ ọlọ́làwọ́, a lè sọ pé "ẹ jẹ́ kí ó lọ bẹ́ẹ̀." Nígbà tí ó bá di òfò, olúkúlùkù a máa wá òfin tí yóò fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ ti ń di ọ̀tá, tí ọmọ ìyá kan náà ń di ará ibòmíràn sí ara wọn.

Èkejì ni pé bí ènìyàn bá ti mọ ẹ̀gbẹ́ tí òun wà, ojú rẹ̀ kì í ríran tààrà mọ́. Ní ọdún 1995, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà, tí Linda Babcock àti George Loewenstein wà lára wọn, tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde. Wọ́n mú ọ̀ràn ẹni tí ó wà lórí alùpùpù tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sì kọlù. Wọ́n pín àwọn ènìyàn ní méjì méjì, ọ̀kan ṣe olùpẹ̀jọ́, èkejì ṣe ẹni tí a pè lẹ́jọ́, wọ́n ní kí wọ́n dúnàádúrà lórí owó gbà-má-bínú. Àwọn kan mọ ipò wọn kí wọ́n tó ka ìwé ẹjọ́. Àwọn mìíràn ka ìwé náà tán kí a tó sọ ipò wọn fún wọn. Ìwé kan náà ni gbogbo wọn kà. Síbẹ̀, nínú ọgọ́rùn-ún ìdúnàádúrà àwọn tí ó ti mọ ipò wọn tẹ́lẹ̀, bí 28 ni kò yọrí sí àdéhùn. Láàárín àwọn tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, bí 6 péré ni. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, kóńgò méjì Ìyá àgbà ni ó sọ sí mi lọ́kàn. Kí a yan òṣùwọ̀n kí a tó mọ ẹni tí yóò fi wọ̀n fún: kò kàwé, ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ fún wa nìyẹn.

Báwo ni èyí ṣe kan ẹ̀yin tí ẹ kò tíì ní ogún láti pín? Ó kàn yín lójoojúmọ́.

Ẹ wo èésú tí a ń dá. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé obìnrin mẹ́wàá ń dá 10,000 náírà lóṣooṣù, tí ẹnì kan sì ń kó 100,000. Bí ẹni tí ó kó ní oṣù kejì bá sá lọ, àwọn mẹ́jọ tí kò tíì kó yóò máa bá 90,000 ní oṣù tiwọn. 80,000 náírà ni ó sọnù. Ta ni yóò gbé e? Ẹni tí ó ti kó ní oṣù kìíní yóò ní òun kò mọ̀ sí i, òun ti kó tòun pé. Àwọn tí ó kù yóò ní ẹgbẹ́ kan ni gbogbo wọn, kí àwọn mẹ́sàn-án tí ó kù pín in, kí ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ní bí 8,900. Ẹ bi ẹni oṣù kìíní yìí léèrè ohun tí ì bá sọ bí ó bá jẹ́ pé òun ni ó yẹ kí ó kó ní oṣù kẹwàá. Nítorí náà, kí ẹ tó dá owó àkọ́kọ́, kí ẹ tó mọ oṣù tí yóò kan olúkúlùkù, ẹ fi ẹnu kò lórí ẹni tí yóò gbé òfò, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin méjì tí ẹ bá da owó òwò pọ̀, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ẹ má ṣe sọ ti èrè nìkan. Ẹ bi ara yín pé: "Bí ọjà bá bàjẹ́ sọ́nà ńkọ́?"

Ẹ wo ìdí ìkòkò pẹ̀lú. Nílé tèmi, nígbà tí àwọn ọmọ mi ń dàgbà, ẹni tí ó bá pín ẹran ni yóò mú kẹ́yìn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ ọdún mẹ́jọ ti mọ ẹran pín ju alápatà lọ. Ṣùgbọ́n mo fi kún un pé iṣẹ́ ilé náà, bẹ́ẹ̀ ni a ó ṣe pín in. Ọmọ tí ó bá ní òun ni àgbà nígbà tí ẹran dé, òun náà ni àgbà nígbà tí omi fẹ́ pọn. Bí ọmọ ọkọ tí ìwọ kọ́ ni o bí bá ń gbé lọ́dọ̀ rẹ, fi òṣùwọ̀n yìí wo ara rẹ dáadáa. Ṣé ọmọ ilé ni í ṣe nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ gbígbá, tí ó sì di àlejò nígbà tí a ń ra aṣọ ọdún?

Ibì kan wà tí òfò ti máa ń fara pamọ́ nínú ilé, tí ẹnikẹ́ni kì í pe ìpàdé lé lórí. Láti ọdún 2023, nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù tí iye náírà sì wálẹ̀, owó oúnjẹ ọ̀pọ̀ ilé kò tó mọ́. Nínú ilé tí ó pọ̀, ìyá ni ó dín oúnjẹ tirẹ̀ kù láìsọ fún ẹnì kankan. Ẹran baba wà bí ó ti wà, ẹran ọmọ kéré díẹ̀, ti ìyá di omi ọbẹ̀. N kò sọ pé kí ìyá má fi ara rẹ̀ jìn fún ọmọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ jẹ́ kí ọkọ mọ̀. Ẹ jókòó ní alẹ́, ẹ gbé ìṣirò kalẹ̀, kí baba ilé wò ó pẹ̀lú yín. Àwọn àgbà ní àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ọkọ rere tí ó bá mọ̀ kò ní fẹ́ kí igbá òun rí bẹ́ẹ̀. Bí a kò bá sọ ọ́, kò ní mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ni ti ìwé ìpíngún. Lábẹ́ àṣà ìbílẹ̀ Yorùbá, ìyàwó fúnra rẹ̀ kì í jogún ọkọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni ìpín wà fún. Ẹ má ṣe rò pé ẹni tí ó bá ń sọ̀rọ̀ ìwé ìpíngún ń pe ikú. Bí Bàbá mi bá ti kọ tirẹ̀, kì bá tí sí ìjà kankan. Kí tọkọtaya sọ ọ́ nígbà tí ara le, kí wọ́n sì bá agbẹjọ́rò tí ó mọṣẹ́ rí. Kí wọ́n kọ ẹni tí yóò jẹ nínú rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ẹni tí yóò tún un ṣe.

Ní ti èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó dá mi lóhùn lọ́jọ́sí, ọdún 1981 kan náà ni mo bí ọmọ tí ó wà nínú mi. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbà á. Òru mẹ́sàn-án ni ẹ̀gbọ́n mi fi sùn ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi ní ilé ìwòsàn. Ní òru kẹta, mo bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀rọ̀ tí mo sọ. Ó ní kí n dákẹ́, kí n sùn, pé òun náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé ìyá mi ni ó bí òun.

Ìyáálé ti lọ, ìyá mi ti lọ, Ìyá àgbà onígààrí ti lọ ṣáájú wọn. Ilé náà ṣì dúró, ayálégbé sì wà nínú ṣọ́ọ̀bù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí owó bá wọlé, ọ̀nà méje ni. Bí páànù bá jò, ọ̀nà méje ni. Ìpàdé wa kì í pẹ́ tó wákàtí kan, a sì máa ń fi èyí tí ó kù jẹ ìkọ́kọrẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, Ọlọ́run yóò fún yín ní èrè láti pín. Bí òfò bá sì dé, nítorí kò sí ilé tí kì í dé, kí Ó má ṣe jẹ́ kí ó bá kóńgò méjì lọ́wọ́ yín. Àmín.